Mo mọ sol-fa lẹ́nu, ìka mi ò mọ̀ ọ́n lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún 44 ni mí, aṣọ ni mo ń rán ní Láfẹ́nwá, láti ọmọ ọdún 19 ni mo sì ti ń kọ alto, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Tó bá di ti ìwé sol-fa, ìyẹn dò-re-mí tí wọ́n fi lẹ́tà kọ, kò sí èyí tẹ́ ẹ máa gbé síwájú mi tí mi ò ní kọ. Ẹ kọ d :m |s :– síbẹ̀, ohùn á ti jáde kí n tó mọ̀ pé mo lanu.

Tóò. Nínú oṣù Kejì, oníbàárà mi kan tó ń kó lọ sí Kánádà ta kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ fún mi. Eyín 61 ló ní. Eyín ni mo ń pè é o, ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹnu ni. Àwọn tó dúdú ńkọ́? Asáà ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ní ó tán, èmi náà ti di onídùrù.

Ọmọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa fi Sátidé mẹ́ta kọ́ mi. Ó ní, "Mummy, C, eyín funfun yìí, nìkan ni kẹ́ ẹ mọ̀, kí doh máa wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé orin síbòmíràn, ẹ tẹ transpose." Ó fi bọ́tìnnì náà hàn mí. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohùn inú kíbọ́ọ̀dù á gun òkè díẹ̀, ọwọ́ yín ò sì ní kúrò níbi tó wà. Inú mi dùn bí ẹni rí owó he.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ìyá ni ojú mi rí màbo. Orin kan péré ni wọ́n ní kí n tẹ̀. Mi ò rántí pé +3, ìyẹn eyín mẹ́ta sókè, la fi kíbọ́ọ̀dù sí nígbà tí a ń dánra wò láàárọ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé C ni mo wà, E♭, dúdú tó wà lápá òsì E, ló ń jáde. Gìtá àti tirọ́ńpẹ̀tì wà lórí C níbi tí olórí ìyìn dá a sí. Ohun tí ìjọ gbọ́ dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá há sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, mo ń wo ìka mi, ìka ò ṣì, orin ló ṣì. Àlùfáà wa ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi àtẹ́wọ́ nìkan kọ èyí, ẹ̀yin ará."

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé transpose yẹn ni kò dáa, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò? Ṣé dandan ni kí n kọ́ ìwé orin àwọn òyìnbó, èyí tó dà bí ẹ̀wà tó bà sórí okùn márùn-ún, nígbà tí mo ti ní sol-fa? Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ọwọ́ òsì mi. Ọ̀tún nìkan, ó ń lọ. Òsì nìkan, ó ń lọ. Kí n pa wọ́n pọ̀ báyìí, ọ̀tún á dúró, á máa wo òsì bí ẹni ń wòran. Aago mẹ́jọ alẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, ni mo ń ráyè, kò sì ju ìdajì wákàtí lọ.

Gìtá Ló Bí Mi, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Èmi ò mọ ẹ̀wà orí okùn kankan o, gìtá ni mo sì fi ń jẹun. G, D, Em, C, kọ́ọ̀dù mẹ́rin yìí, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń lù pa pọ̀, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Orí ìka mi bó bí ẹ̀pà sísè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oṣù kẹfà ò tíì pé tí mo fi wọ ẹgbẹ́ olórin. Àwa onígìtá gan-an ní transpose tiwa, kápò la ń pè é. Ó máa ń di ọrùn gìtá mú, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì gun òkè pa pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn bú wa. Ohun tó ṣe yín ò ju pé ẹ ò wo ojú kíbọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ orin, ẹ máa wá a. Etí ló ni orin.

Onídùrù Ìjẹ̀bú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire kíbọ́ọ̀dù. Ọmọ mi onígìtá, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n kápò ò lè wà lọ́rùn gìtá kó o má rí i. Ti kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Nọ́ńbà bíńtín kan ni nínú gíláàsì, kì í sì í pariwo.

Ọdún 31 ni mo fi jókòó nídìí dùrù ìjọ kan níbí kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Dùrù aláfẹ́fẹ́ ni, èyí tí ẹsẹ̀ náà ní orin tirẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí transpose lára rẹ̀. Tí ọ̀gá akọrin bá ní A♭, A♭ náà ni.

Ẹ lọ mú ìwé sol-fa yín kan wá nísinsìnyí. Ẹ wo igun òkè rẹ̀ lápá òsì. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? "Doh is G", àbí "Key F". Ọdún 25 lẹ fi ń rí i, ẹ sì rò pé ti ọ̀gá akọrin ni, torí òun ló máa ń fọn fèrè kékeré yẹn kẹ́ ẹ tó dá orin. Ibẹ̀ gan-an ni kọ́kọ́rọ́ kíbọ́ọ̀dù yín wà. Doh kì í ṣe C. Doh ò ní ilé tirẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ní kó sùn ló ń sùn, àwọn mẹ́fà yòókù á sì tò tẹ̀lé e bí wọ́n ṣe máa ń tò.

Ìtò wọn nìyí. Láti eyín kan (mo ti gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ yín) sí èyí tó fara kàn án, ìbáà ṣe funfun, ìbáà ṣe dúdú, ẹ pè é ní ìṣísẹ̀ 1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti C, funfun tó wà lápá òsì àwọn dúdú méjì tó jọ dúró. d sí r, 2. r sí m, 2. m sí f, 1 péré, torí kò sí dúdú láàárín wọn. f sí s, 2. s sí l, 2. l sí t, 2. t sí doh òkè, 1. Ẹ rò ó pọ̀, 12 ló máa jẹ́.

Ní báyìí, ẹ gbé doh lọ sí G, kẹ́ ẹ ka 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1. Orí funfun lẹ ó máa rìn títí ẹ ó fi dé t. Ibẹ̀ ni dúdú kan ti máa jáde, F♯. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tẹ F funfun níbẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀fun yín fúnra rẹ̀ ló máa kọ̀ ọ́. Ẹ tún gbé doh sí F. Níbẹ̀, f ló máa bọ́ sórí dúdú, B♭. Ẹ ò tíì kọ́ nǹkan tuntun kankan o. Ẹrù tó wà lẹ́nu yín lẹ ń gbé fún ìka.

Ní ti ìka fúnra rẹ̀, àtàǹpàkò ni 1, ọmọńdinrín ni 5. Ọwọ́ ọ̀tún lórí C: 1 2 3, kí àtàǹpàkò wọ abẹ́ wọn kọjá, 1 2 3 4 5. Lórí F, ẹ ka 1 2 3 4 kí àtàǹpàkò tó wọ abẹ́, nítorí dúdú ni f níbẹ̀, ìka gígùn ló yẹ dúdú.

Kọ́ọ̀dù ò le. d m s pọ̀, ilé nìyẹn. f l d ni èkejì, s t r ni ẹ̀kẹta, mẹ́ta yìí sì tó fún ọ̀pọ̀ orin ìyìn. Ibi tí àwọn tó ń kọ́ ọ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á máa gbé ọwọ́ fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ jókòó. Ẹ tẹ C E G. Ẹ fẹ́ lọ sí ti f? Kí C dúró, kí E ṣí 1 sókè sí F, kí G ṣí 2 sí A. Ẹ padà sílé. Ẹ fẹ́ lọ sí ti s? Kí G dúró, kí C sọ̀ kalẹ̀ 1 sí B, kí E sọ̀ kalẹ̀ 2 sí D. Ó parí. Ẹ wá wo ọ̀nà tí ohùn àárín gbà: m, f, m, r, m. Ta ló ń kọ irú ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin? Alto ni! Soprano, àwọn olóhùn òkè, ló ń fò kiri, ẹ̀yin kì í rìn jìnnà. Ẹ ti mọ iṣẹ́ ìka yẹn kẹ́ ẹ tó ra kíbọ́ọ̀dù.

Àwọn olórí ìyìn kì í sọ key, ìyẹn ibi tí doh wà; ibi tí ọ̀fun wọn bá jí sí náà ni wọ́n ń dá a. Ẹ má bá wọn sáré. Ẹ dúró de ìparí ìlà ìkẹyìn, torí ọ̀pọ̀ orin ìjọ orí doh ló ń sọ̀ sí. Ẹ kùn ún sínú, ẹ fi ìka kan ṣoṣo wá a lórí kíbọ́ọ̀dù, ilé ti jáde nìyẹn.

Ní ti ẹ̀wà yín, kò kánjú, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́ ọ. Sol-fa tẹ́ ẹ ní yẹn, obìnrin olùkọ́ kan ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Àlùfáà John Curwen tún un ṣe láti àwọn ọdún 1840, ó sì tàn án kálẹ̀ kí àwọn tí kò mọ ìwé orin lè jọ kọrin. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Fún ọ̀fun ni wọ́n ṣe é, ohùn kan ṣoṣo sì ni ọ̀fun ń kọ lẹ́ẹ̀kan. Ìka mẹ́wàá ńkọ́? Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi sol-fa kọ ohun tí ìka mẹ́wàá ń ṣe sórí ìwé, ẹ ó rí i bó ṣe máa rí jáujàu. T. K. E. Phillips tó tẹ dùrù Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, ẹ̀wà yẹn ló ń kà. Abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé, kó tó di ẹni tí wọ́n ń gbọ́ dùrù rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi ọdún kan sí i ná.

Ọwọ́ òsì, mi ò ní purọ́ fún yín, oṣù mẹ́jọ ló fi yọ mí lẹ́nu, mi ò sì mọ bó ṣe lọ. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé gbà á lẹ́nu mi.

Ọmọ Àyàn, Ọ̀yọ́

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Mi ò mọ kíbọ́ọ̀dù o, ìdí ìlù ni wọ́n bí mi sí. Mo ń ka ọ̀rọ̀ bàbá onídùrù bọ̀ jẹ́jẹ́, mo dé ibi 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1, mo fi fóònù sílẹ̀. Mo mọ àwọn nọ́ńbà yẹn. Agogo ni!

Ẹ mú ìgò àti ṣíbí. Ẹ máa ka 1 dé 12 láìdúró, ẹ má sáré. Ẹ lu ìgò lórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12, kẹ́ ẹ tún padà sí 1. Tẹ́ ẹ bá lù ú tó ìgbà mẹ́rin, ẹ ó rántí ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ. Agogo tó ń darí ìlù púpọ̀ nílẹ̀ wa ni, òun náà ló bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Cuba àti Brazil, wọ́n ṣì ń lù ú níbi ayẹyẹ òrìṣà lọ́hùn-ún. Ẹ wá wo àlàfo tó wà láàárín lílù kan sí èkejì: 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1. Lílù 7 nínú 12, eyín 7 nínú 12. Bàbá ń fi í gun òkè, àwa ń fi í rìn. Mi ò sọ pé ẹnì kan jí i lọ́wọ́ ẹnì kan o. Ó kàn yà mí lẹ́nu débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù láago mọ́kànlá òru.

Ìyá Ìbejì, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ òsì yín. Ẹ ń ṣọ́ ọ jù ni. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń kini, òun ló ń buni. Omele ò bá a dá sí i. Ohun kan náà ló ń sọ láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ wá títí wọ́n á fi ká àga. Gúdúgúdú ò tilẹ̀ ní ọṣán (okùn awọ ara ìlù) tí ẹnikẹ́ni lè fún mọ́ra kí ohùn rẹ̀ yí padà. Omele ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ mi lọ́rùn, ọdún mẹ́rin ni mo sì fi lù ú kí bàbá mi tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìyáàlù. Nígbà yẹn, mo lè sùn kí ọwọ́ má dúró, mo sì ti sùn rí. Ẹ bi wọ́n nílé wa.

Òsì yín ni omele. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, doh, soh, doh, soh, kó máa sọ ọ́. Ẹ má mú ọ̀tún wá. Ẹ máa bá àwọn ìbejì sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti wẹ̀, ẹ bá wọn jà tó bá yẹ, kí òsì má dúró. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ná aṣọ lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ sì dá a lóhùn láìṣìnà, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ pe ọ̀tún wọlé.

Nǹkan kan kù. Dò-re-mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn nílé ìwé, tí igbá fi jẹ́ re-mí, tí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ fi jẹ́ re-dò, tí ìgbà fi jẹ́ dò-dò, ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sórí kíbọ́ọ̀dù. Ìyáàlù ò ní ibi pàtó kan tí dò rẹ̀ ń gbé. Bí mo bá ṣe fún ọṣán mọ́ra tó ló ń gun tó, a kì í ka ìṣísẹ̀. Kí mí ṣáà ti ga ju re, kí re ga ju dò, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á gbọ́.

Gìtá Ló Bí Mi, Ìbàdàn

Mo ti lu ìgò yẹn. Ìyàwó mi ní ṣé Ṣàngó ni mo fẹ́ sọ ara mi dà ni. Bàbá onídùrù, ẹ má bínú sí mi, mo ti ka 2, 2, 1 yẹn lórí okùn kan ṣoṣo gìtá mi, ojú kan kan ni ìṣísẹ̀ kan kan. Mo ti ń lu G láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò mọ̀ pé bó ṣe tò nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo kó ìwé sol-fa mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀kún páálí kan. Lóòótọ́ ni. Doh is G, Doh is A, Doh is F, ó wà lórí gbogbo wọn! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, ọkọ mi rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ti rí doh lórí G, mo ti rí i lórí F, dúdú sì jáde níbi tí bàbá sọ gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ F funfun nígbà tó yẹ kí t dún, ọ̀fun mi kọ̀ ọ́ lóòótọ́.

Ìgò ti di ti àwọn ìbejì. Táyé ń ka, Kẹ́hìndé ń lù. Kẹ́hìndé máa ń sáré tó bá dé 12, wọ́n á sì jà.

Ọwọ́ òsì. Mo ṣe doh, soh, doh, soh fún ọjọ́ mẹ́wàá bí Ọmọ Àyàn ṣe ní kí n ṣe é. Bí mo bá ti lanu báyìí, ó dúró. Ó sú mi. Lọ́jọ́bọ̀, mo ń rán yunifọ́ọ̀mù lórí ẹ̀rọ mi, ẹlẹ́sẹ̀ ni, kì í ṣe oníná. Oníbàárà kan wọlé, ó ní kí n dín owó kù, a bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. A ná an títí, ó yọ̀ǹda, ó lọ. Mo wo ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò tíì dúró. Etí aṣọ ti lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ń wa ẹ̀rọ, ọwọ́ ń darí aṣọ, ẹnu ń ná owó. Ta ló wá kọ́ mi nìyẹn? Láti ọmọ ọdún 16 ni ẹsẹ̀ yẹn ti ń ṣe omele, mi ò sì mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ẹsẹ̀ sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, mo ń tẹ ilẹ̀ bí ìgbà tí mo ń wa ẹ̀rọ, mo ní kí ọwọ́ òsì máa bá ẹsẹ̀ lọ. Ó lọ. Mo kí ọmọ ìyá mi tó ń kọjá níta, ó ṣì ń lọ. Mo wá mú ọ̀tún wọlé pẹ̀lú C E G, lọ sí ti f, padà sílé. Ó lọ títí dé ìlà kejì kó tó tú. Ìlà méjì gbáko! Ibi tó máa ń tú sí ni tí òsì náà bá ní láti kúrò ní doh lọ bá f. Mo mọ̀ pé yóò padà lọ.

Transpose, mo ti fi sẹ́lótéèpù bo bọ́tìnnì rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Orin tó ta mí lójútì lọ́jọ́sí, mo rí ìwé rẹ̀, Doh is E♭ ni wọ́n kọ sí i. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí E♭ tòótọ́. Mo ka ìṣísẹ̀, dúdú mẹ́ta ló jáde, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n dúdú ni doh gan-an, tí mo bá sì gbé àtàǹpàkò lé e, ọwọ́ mi á wọ́, ìka ọmọńdinrín á máa rìn lófuurufú. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Onídùrù Ìjẹ̀bú

Ẹ má gbé àtàǹpàkò sórí dúdú níbẹ̀ rárá. Ìka 3 lórí E♭, kí àtàǹpàkò bọ́ sórí F, 2 lórí G, 3 lórí A♭, 4 lórí B♭, kí àtàǹpàkò tún wọ abẹ́ bọ́ sórí C, 2 lórí D, 3 lórí E♭ òkè. Ẹ kọ sol-fa rẹ̀ sókè bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ́ra, ẹ lọ́ra gan-an, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí sẹ́lótéèpù yẹn wà níbẹ̀.